Lafiaji Ò Lókè, Ṣùgbọ́n Básíkù Òkè Ti Débẹ̀

Agogo márùn-ún ìdájí Sátidé ò tíì lù. Ní òpópónà kan ní Lafiaji, níbi tí kò jìnnà sí Ọbaléńdé, bọ́ọ̀sì Hiace kan dúró, wọ́n ti tú ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀. Básíkù mẹ́fà, ti àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà kan, wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Wọ́n ti yọ táyà iwájú wọn, wọ́n sì ti yí hándù wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà gba àyè. Awakọ̀, àgbàlagbà kan tó ti fi bọ́ọ̀sì yìí ná ọ̀pọ̀ ọjà, ò fẹ́ kí irin máa họ irin nínú ọkọ̀ òun. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó ló ní kí wọ́n fi sáàárín wọn, túùbù táyà tí wọ́n là sí méjì ni wọ́n sì fi so wọ́n.

Màmá kan tó ń dá iná àkàrà lódìkejì títì dáwọ́ dúró.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, níbo lẹ̀ ń kó kẹ̀kẹ́ lọ?"

"Ìdànrè ni, Màmá. Orí òkè la máa gbé wọn lọ, a ó wá gùn wọ́n sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ ó gbé kẹ̀kẹ́ gun òkè? Ṣé kẹ̀kẹ́ ló ń gbé èèyàn ni, àbí èèyàn ló ń gbé kẹ̀kẹ́?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò sí ìbéèrè tó bọ́gbọ́n mu tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ètò ìrìnàjò náà. Ní ilẹ̀ Kánádà, ní Wales, ní àwọn òkè Áúsíríà, owó ńlá ni wọ́n ti ná láti dáhùn rẹ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ jó bíréèkì

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 1976 ni àwọn ọ̀dọ́ kan kóra jọ sórí òkè kan nítòsí Fairfax, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Básíkù àlòkù ni wọ́n gbé wá, Schwinn àtijọ́, èyí tí irin rẹ̀ wúwo tí táyà rẹ̀ sì sanra. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi ń kó wọn gòkè. Ọ̀nà eléruku tí wọ́n gùn wálẹ̀ kò ju nǹkan bí máìlì méjì lọ, àmọ́ ó já wálẹ̀ tó 1,300 ẹsẹ̀ bàtà.

Inú ìdí táyà ẹ̀yìn ni bíréèkì àwọn básíkù wọ̀nyẹn wà: ẹni tó bá fẹ́ dúró á tẹ pẹ́dà sẹ́yìn. Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀, gírísì inú rẹ̀ á ti jóná di èéfín. Tí wọn ò bá tú u, kí wọ́n rọ tuntun sí i, kò ní ṣeé gùn mọ́. Nínú àwọn tó wà nídìí ìdíje náà ni Charlie Kelly, Gary Fisher àti Joe Breeze, àwọn ló sì wá wà lára ẹni tó kọ́kọ́ ṣe básíkù òkè fún títà.

Lọ́dún 1990, àjọ UCI tó ń darí eré básíkù lágbàáyé ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún básíkù òkè ní Durango, ní ìpínlẹ̀ Colorado. Ìsọ̀kalẹ̀ wà lára rẹ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń já wálẹ̀, ẹni tí aago rẹ̀ bá kéré jù ló gba ipò kìíní. Ilẹ̀ Áfíríkà náà ò gbẹ́yìn. Greg Minnaar, ọmọ Pietermaritzburg ní Gúúsù Áfíríkà, gba ipò kìíní nínú ìdíje àgbáyé yìí ti ìsọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì gba ti 2013 nílùú rẹ̀ gan-an, lójú àwọn ará ilé.

Ohun tó sọ eré yìí di òwò ni yìnyín, tàbí ká kúkú wí pé àìsí yìnyín. Àwọn òkè tí wọ́n ti ń fi pátákó yọ̀ lórí yìnyín ní ìjókòó tí okùn irin ń fà gòkè. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí yìnyín yọ́, okùn náà ò níṣẹ́ mọ́. Whistler ní Kánádà ṣí ọgbà básíkù rẹ̀ lọ́dún 1999: wọ́n ń fi okùn kan náà gbé básíkù àti ẹni tó ni ín gòkè, wọ́n sì gbẹ́ ipa ọ̀nà tó ń kọ́rọ̀ gba inú igbó sọ̀ kalẹ̀. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń pín ọ̀nà wọ̀nyí. Àwọ̀ ewé jẹ́ ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, dúdú jẹ́ ti ẹni tí eegun rẹ̀ ti mọ ìṣubú.

Básíkù délé ṣáájú òkè

Bí básíkù irú èyí ṣe dé Erékùṣù Èkó kò ṣòro láti mọ̀. Inú kọ̀ǹténà ni. Ẹni tó ń ta fìríìjì tòkunbọ̀ máa ń rí básíkù mẹ́ta mẹ́rin tí wọ́n fi dí àyè láàárín ẹrù. Wọ́n á tò wọ́n sẹ́bàá títì, ọmọdé á fẹ́ èyí tó pupa, àgbà á béèrè èyí tó ní kẹ́ríà lẹ́yìn. Èyí tó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú àti lẹ́yìn, tí táyà rẹ̀ ní eyín bíi ti ọkọ̀ akatakata, òun ló ń pẹ́ nílẹ̀ jù. Ó wúwo, kò sì sí ibi tí wọ́n lè so ẹrù mọ́ lára rẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ti ń tún básíkù ṣe láti ìgbà tí Raleigh ṣì jẹ́ ọkọ̀ olówó sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló kọ́ òun ní bíréèkì olóròóró. Tẹ́lẹ̀, okùn wáyà àti rọ́bà ni òun mọ̀. Ó ti rí i tí àwọn mẹkáníìkì mọ́tò ń rọ òróró bíréèkì ọkọ̀ sínú básíkù Shimano, èyí tí wọ́n ṣe fún òróró míràn tí kì í jẹ rọ́bà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, rọ́bà inú rẹ̀ á wú, bíréèkì á di mímú ṣinṣin tàbí kó má mú rárá. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ìyẹn kò ju owó àtúnṣe lọ. Lórí òkè, ọ̀rọ̀ míì ni.

Ibo ni wọ́n ti ń kọ́ ọ? Erékùṣù Èkó tẹ́jú bí àwo. Afárá nìkan ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà. Afárá Lekki sí Ìkòyí, tí wọ́n ṣí ní 2013, ni ọ̀pọ̀ ń lò láàárọ̀ Sunday, nítorí pé ó ga díẹ̀ ní àárín. Afárá Kẹta gùn tó 11.8 kìlómítà, àmọ́ eré tí mọ́tò ń sá níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ń kọ́ básíkù. Àwọn ọmọ Lafiaji kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀gùn ilé olókè kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láìtẹ̀ síwájú, ariwo onílé ló sì ń lé wọn jáde.

Àìní ohun èlò kì í ṣe ti ọmọ àdúgbò nìkan. Ní Òlíńpíìkì Paris 2024, Ese Ukpeseraye, tó ṣojú Nàìjíríà nínú eré básíkù, ò ní básíkù tó yẹ fún eré inú pápá ìsáré. Ikọ̀ Jámánì ló yá a ní tiwọn. Ẹni tó bá mọ ìyẹn kò ní fi ọmọ tó ń fi wáyà so fóòkì rẹ̀ ṣẹ̀sín.

Òkè wo ló gba táyà?

Ìlú tó sún mọ́ jù ni Abẹ́òkúta. Láti ọdún 2021, rélùwéè tuntun ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti Ebute-Mẹ́ta lọ sí Ìbàdàn. Olúmọ ga tó 137 mítà, ó tilẹ̀ ní ẹ̀rọ tó ń gbé àlejò gòkè. Àmọ́ àpáta ìtàn ni, èrò pọ̀ lórí rẹ̀, ojúbọ wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó lérò tó máa gbé táyà débẹ̀.

Ìdànrè ló ń fa ojú mọ́ra jù. Òkè yẹn ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ìpele òkun, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 sì ni àlejò ń gùn kó tó dé ìlú àtijọ́ tí àwọn baba ńlá wọn gbé kí wọ́n tó ṣí wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Ààfin àtijọ́ wà lókè, ilé ẹ̀kọ́ àti kọ́ọ̀tù ayé òyìnbó ṣì wà níbẹ̀. Láti 2007 ni òkè náà ti wà lórí ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé.

Nítorí náà, ẹni tó ń ṣètò ìrìnàjò ní láti yan ibi tó máa kan nínú òkè yìí. Ní Valparaíso ní Chile, àtẹ̀gùn ìlú gan-an ni wọ́n ń já wálẹ̀ nínú ìdíje, àwọn ará ilé á sì jókòó sójú fèrèsé máa wò wọ́n. Ìdànrè ò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìlú náà kan tó ń mú àlejò gòkè sọ pé bí wọ́n bá fẹ́ gùn, kí wọ́n wá ọ̀nà oko ní ẹ̀gbẹ́ òkè, kí wọ́n kọ́kọ́ kí àwọn àgbà, kí wọ́n sì fi ìlú àtijọ́ sílẹ̀ fún ẹsẹ̀. Ó tọ̀nà. Òkúta pẹlẹbẹ tí òjò ti mú ewédò hù sí lórí kì í sì í di táyà mú, bó ti wù kí eyín rẹ̀ gùn tó.

Adó-Àwáyè, nítòsí Ìsẹ́yìn, ní adágún Ìyàkẹ́ tó dúró lórí àpáta, ọ̀nà ibẹ̀ sì ga débi pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni àlejò fi ń gùn ún. Básíkù ò ní àyè níbẹ̀. Ohun tó dára jù fún táyà ni òkè gígùn tó wà láàárín Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ibẹ̀ ní erùpẹ̀, ó ní igbó, ó sì ní ọ̀nà tí àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ ti tẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọlọ́kadà ń gbà á kọjá pẹ̀lú àpò kòkó lẹ́yìn. Ibi tí ọ̀kadà bá lè gùn, básíkù á sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Okùn irin Obudu

Nàìjíríà ní okùn irin tirẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Cross River, òkè Obudu ga tó nǹkan bí 1,576 mítà. Nígbà ìṣèjọba Gómìnà Donald Duke ni wọ́n ta okùn irin tó gùn tó kìlómítà mẹ́rin láti ìsàlẹ̀ dé orí rẹ̀, tó sì gbé èèyàn gòkè 870 mítà. Ọ̀nà ọ̀dà tí mọ́tò ń gbà gùn tó 11 kìlómítà, ó kọ́rọ̀ lọ́nà 22. Lórí ọ̀nà yìí ni wọ́n ti sáré ìdíje òkè Obudu tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005: àwọn eléré ìje láti Kenya àti Ethiopia sáré láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Lójú ẹni tó ti rí Whistler lórí fóònù, ibí yìí ni Párádísè. Okùn wà, òkè wà, òtútù wà. Àmọ́ okùn náà ti dúró láìṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àti pé láti Lafiaji, ìrìn ọjọ́ méjì ni kéèyàn tó débẹ̀, tí wọn ò bá fẹ́ rìn lóru. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ rìn lóru.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì tún wà níbẹ̀. Ẹni tí òun àti básíkù rẹ̀ wúwo tó 90 kìlógíráàmù, tó sọ̀ kalẹ̀ 870 mítà, tó ń fi bíréèkì dín eré rẹ̀ kù jálẹ̀, á sọ agbára tó lè mú omi tútù lítà méjì hó di ooru. Bí èyí tó pọ̀ jù nínú ooru yẹn bá wọnú ríìmù, túùbù inú táyà lè bẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń tẹ bíréèkì ní ìtẹ̀kítẹ̀: wọ́n á fún un pa kí wọ́n tó wọ kọ́nà, wọ́n á sì jọ̀wọ́ rẹ̀ kó fẹ́ atẹ́gùn. Ẹni tó bá dì í mú láti òkè dé ìsàlẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù, òun gan-an ló wà nínú ewu.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù eegun sọ pé ọrùn ọwọ́ àti eegun èjìká ló ń kọ́kọ́ lọ, nítorí pé ọwọ́ ni èèyàn ń nà síwájú tó bá ń ṣubú. Ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ sọ̀rọ̀ ohun ààbò orúnkún tí wọn ò bá tíì ra àṣíborí. Èkó ní ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì láti 1945. Ẹni tó ṣubú lọ́nà oko ní Ẹ̀fọ̀n ò ní ohun tó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà igi pẹlẹbẹ àti báńdéèjì jẹ́ ẹrù dandan, kí wọ́n sì ti mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn jù kí ẹnikẹ́ni tó gun básíkù.

Ohun tí dánfó lè ṣe

Ìlú Merthyr Tydfil ní Wales kò ní yìnyín tó ṣeé fi ṣòwò. Irin àti èédú ni wọ́n ń wa nílẹ̀ níbẹ̀ láyé àtijọ́, kí ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn tó kógbá sílé. Lọ́dún 2013, wọ́n ṣí BikePark Wales sínú igbó kan lẹ́bàá ìlú náà. Wọn ò ta okùn irin kankan. Bọ́ọ̀sì kéékèèké ni wọ́n rà, wọ́n so tìrélà kékeré mọ́ ọn nídìí, básíkù á wà nínú tìrélà, èèyàn á wà nínú bọ́ọ̀sì. Tí wọ́n bá dé òkè, wọ́n á sọ̀ wọ́n kalẹ̀, bọ́ọ̀sì á padà lọ gbé àwọn mìíràn. Láti Peckham ní London, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ìrìn wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ni.

Gbogbo ohun tó ń jẹ́ ọgbà ìsọ̀kalẹ̀ kò ju méjì lọ: ẹni tó máa gbé ọ gòkè, àti ẹni tó máa fi ṣọ́bìrì tún ọ̀nà ṣe lẹ́yìn òjò. Kò sí ìlú tó mọ iṣẹ́ kìíní ju Èkó lọ. Dánfó tó ń gbé èèyàn méjìdínlógún láti Ọbaléńdé lọ sí Àjà kò ní kọ̀ láti gbé ọmọkùnrin mẹ́fà àti básíkù mẹ́fà gun òkè Ẹ̀fọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lọ́jọ́ kan, bí wọ́n bá ti lè sanwó epo. Owó epo yẹn gan-an ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Awakọ̀ ń ka ìgbà tí ẹ́ńjìnnì fi ń gun òkè ní gíà kìíní; àwọn ọmọ ń ka kìlómítà.

Iṣẹ́ kejì ló le. Ọ̀nà tí táyà ń gbà léraléra máa ń di ipa omi, òjò kan ṣoṣo á sì sọ ọ́ di kòtò. Ní Wales, òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù ló ń tún un ṣe. Ní abúlé orí òkè, àgbẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ lọ sóko ni kòtò yẹn máa kọ́kọ́ ṣe léṣe. Ẹni kan tó ń kọ́ni nípa ìrìnàjò afẹ́ rò pé kí àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó máa san owó ọ̀nà fún abúlé, kí ó sì hàn gbangba pé owó ṣọ́bìrì ni, kì í ṣe owó ọtí. Àbá yìí dára ju dídúró de ìjọba lọ. Rwanda fi òkè rẹ̀ gba ìdíje básíkù àgbáyé ti ojú títì sí Kigali ní oṣù Kẹsàn-án 2025, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà, àmọ́ ìjọba ibẹ̀ ti ń náwó sórí títì àti eré básíkù tipẹ́ kí ìyẹn tó ṣeé ṣe.

Gánà, ní ọ̀nà àwọn baba Àgùdà

Ọ̀nà kan wà tí àwọn ọmọ Lafiaji ń sọ jù báyìí: Aburi. Ìlú yìí wà lórí òkè Akuapem, ó ga ju 400 mítà lọ, kò sì jìnnà sí Accra. Ọgbà ewéko tí àwọn òyìnbó dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1890 ló gbajúmọ̀ jù, ṣùgbọ́n àlejò ti ń háyà básíkù òkè níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì ń gba ọ̀nà oko sọ̀ kalẹ̀ gba inú igbó àti abúlé.

Láti Èkó sí Accra kò tó 500 kìlómítà. Ẹnubodè mẹ́ta ni: Sẹ̀mẹ̀, Hilla-Condji àti Aflao. Fún ilé Àgùdà ní Erékùṣù Èkó, ọ̀nà yìí kì í ṣe àjèjì. Àwọn tó padà dé láti Brazil ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ní ẹbí ní Porto-Novo, ní Ouidah àti ní Agoué, àwọn Tabom tó sì gúnlẹ̀ sí Accra ní 1836 jẹ́ irú èèyàn kan náà. Ìyá àgbà kan ní àdúgbò náà ti ní kí wọ́n bá òun kí àwọn ìbátan kan ní Ouidah bí wọ́n bá ń kọjá. Ìyẹn ti fi ọjọ́ kan kún ìrìnàjò náà, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Àsìkò ni wọn ò tíì fẹnu kò lé lórí. Àjíǹde dùn, nítorí ìgbà yẹn ni àwọn ará Kwahu, lórí òkè míràn ní Gánà, ń gba àlejò tó ń fi agbòòrùn fò láti orí òkè Odweanoma, eré tí wọ́n ti ń ṣe láti 2005. Àmọ́ Àjíǹde náà ni àsìkò Fàǹtí, àríyá ìta gbangba àwọn Àgùdà Èkó. Lafiaji ní ẹgbẹ́ Fàǹtí tirẹ̀ bíi Campos àti Òkè-Pópó, méjì nínú àwọn mẹ́fà yìí sì ń fọn fèrè. Oṣù Kẹfà àti Keje, òjò. Oṣù Kìíní, ọyẹ́ ń gbé eruku débi pé èèyàn ò ní rí kọ́nà tó wà níwájú. Oṣù Kọkànlá ló kù, nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ ṣùgbọ́n tí kò tíì di eruku.

Ní ti ìwé, àdéhùn ECOWAS ti 1979 gba ọmọ ìlú kan láàyè láti wà ní ìlú kejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ọkọ̀ náà nílò káàdì adójútòfò ECOWAS tí wọ́n ń pè ní Brown Card, nítorí ìwé adójútòfò Nàìjíríà nìkan ò ní bo jàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ ní Lomé. Kí wọ́n mú rìsíìtì básíkù kọ̀ọ̀kan dání pẹ̀lú, kí kọ́sítọ́ọ̀mù má baà rò pé ọjà ni wọ́n ń kó lọ tà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni káàdì àjẹsára ibà pọ́njúpọ́njú. Wọn kì í gba abẹ́rẹ́ náà lọ́jọ́ ìrìnàjò: ó di ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn rẹ̀ kí káàdì tó níyì lẹ́nubodè, nínú àwọn mẹ́fà náà sì rèé, ẹnì kan ṣoṣo ló tíì gbà á.